Mo Fa Iná Mọ́sálásí Wọ Ilé Iṣẹ́ Mi

Ẹ máa fẹ́ bú mi, mo mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Bí ẹ bá kà á dé ìparí tí èébú ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ bú mi, mo gbà.

Fáòsíátù lorúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí. Ùmúrà ni mo bá dé Mẹ́kà, mi ò sì bá àwọn tá a jọ wá padà sílé mọ́. Ìkáámà, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àjèjì gbé ìlú náà, mi ò ní in. Tí mo bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè, màá yà sí kọ̀rọ̀ tó bá wà nítòsí.

Bẹ́líìtì ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń dè mọ́ ìbàdí lórí aṣọ funfun ìhúráámù, tí wọ́n ń kó owó àti pásípọ́ọ̀tù sí nínú. Ó kún ṣọ́ọ̀bù ní Misfalah, àdúgbò tí ọjà pọ̀ sí ní Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n àwọn Àlàájì tiwa kì í fẹ́ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gbọ́ nílé pé ẹni tó bá wọ ìhúráámù kò gbọdọ̀ wọ ohun tí wọ́n rán. Àwọn àáfà ti ṣàlàyé títí pé kò kan bẹ́líìtì. Ta ló ń gbọ́? Bí wọ́n bá ti mú un lọ́wọ́, ojú òwú ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

"Àlàájà, ṣé abẹ́rẹ́ ò kan èyí?"

Bí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án, wọ́n á rọra gbé e sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ni mo fi ń lẹ tèmi, gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ni mo fi ń jẹun.

Ilé iṣẹ́ mi ni gáràjì kan ní àdúgbò Al-Ka'kiyah, ibi tí onílé ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀. Inú ibẹ̀ náà ni mò ń sùn. Ara òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, àpáta ni ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Oòrùn kì í débẹ̀ láéláé.

Ẹ ó máa sọ pé, ilẹ̀ Lárúbáwá kẹ̀, níbo ni òtútù ti wá? Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ dúró kí oṣù Ṣẹẹrẹ dé, kí òjò rọ̀ sórí òkè yẹn, kí omi máa sun láti inú àpáta wọ inú gáràjì. Ní ìta, oòrùn á máa ta. Nínú ilé lọ́hùn-ún, èmi àti Ṣìkẹ́, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń bá mi gé awọ, a ó wọ súẹ́tà, a ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́.

Tiwa ò tilẹ̀ burú tó ti gọ́ọ̀mù. Òtútù pẹ̀lú ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Yóò funfun bí ògì, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ dípò kí ó lẹ̀ mọ́ awọ. O lè tẹ bẹ́líìtì pọ̀ láàárọ̀, o lè gbé òkúta lé e, tó bá di ọ̀sán, ó ti lanu bí ẹni tó ń yán.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sá wọn síta," Ṣìkẹ́ wí.

"Kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ nílé ẹni tí ò níwèé?"

Ó padà sídìí awọ tó ń gé.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Mo fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ọ̀nà, mo na ọ̀rá sára àpáta, mo tẹ́ páálí sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ wa má baà kan sìmẹ́ńtì. Ẹni tí òtútù bá ń dà láàmú níbi iṣẹ́, kí ó gbìyànjú rẹ̀, kò wọ́n, ó sì dára fún èèyàn. Gọ́ọ̀mù ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan.

Ṣìkẹ́ gbé èédú wá nínú ìkòkò tùràrí. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa, ojú mi ń ṣókùnkùn. Bí mo ṣe ní kí n na ọwọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, iná ti ibi èédú fò mọ́ agolo gọ́ọ̀mù. Iyẹ̀pẹ̀ tí a sáré bù lẹ́nu ọ̀nà la fi pa á. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn ń gba iná bí epo bẹntiróòlù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gọ́ọ̀mù, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí páálí ńlá kan, mo fi gílóòbù sínú rẹ̀, mo to bẹ́líìtì yí i ká. Ìyẹn ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń gbà, ìgbà tí gílóòbù náà sì jó, mi ò rí irú ẹ̀ rà mọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ pé àwọn funfun ayé òde òní ni wọ́n ń tà, èyí tó ń mọ́lẹ̀ tí kì í gbóná. Mo fi gbogbo ọjọ́ rìn. Ẹni tí mo bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ á ní, "Ìyá, èyí kì í jẹ iná púpọ̀." Èmi tí mò ń wá èyí tó ń gbóná! Ó kù díẹ̀ kí n sunkún sójú títì.

Ìgbà náà gan-an ni Àlàájì Sàkáríyà pè mí láti Jẹ́dà. Òun ló máa ń lọ pàdé àwọn èèyàn wa tó wá ṣe Ùmúrà ní pápákọ̀ òfuurufú, tó ń tò wọ́n sínú bọ́ọ̀sì Mẹ́kà.

"Àlàájà, àwọn èèyàn mi ń bọ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹ bá mi ṣe bẹ́líìtì sílẹ̀, kó pọ̀ o. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tú mọ́ wọn ní ìbàdí. Èyí tí ẹ fún mi kẹ́yìn, bàbá kan ń sáré láàárín Sàfà àti Máríwà ni tiẹ̀ já, pásípọ́ọ̀tù wà nílẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ni mo máa gbé iṣẹ́ fún."

Mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọ̀dọ̀ Hafsa ni mo gbà lọ. Ìyàwó dókítà ọmọ Nàìjíríà kan ni, ní Jẹ́dà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àlejò, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá se oúnjẹ. Mo ro ẹjọ́ mi fún un nídìí ìkòkò.

"Àlàájà, ẹ̀yin ò tètè sọ," ó wí. "Nígbà tí dókítà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkè, níbi tí òtútù ti pọ̀, a ní dáfáyà kan. Ó kàn wà nínú yàrá ẹrù níbẹ̀ yẹn."

Dáfáyà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Tirẹ̀ ga dé orúnkún, ó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó ní táyà lẹ́sẹ̀.

"Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀," ni Hafsa sọ. "Iná rẹ̀ kì í yọ síta, nítorí náà ó sàn ju èédú lọ níbi tí gọ́ọ̀mù bá wà. Ẹ máa ṣí fèrèsé díẹ̀ kí òórùn lè máa jáde. Àmọ́ Àlàájà, alájẹkì ni o. Ó máa ń jẹ iná."

Mo ṣàdúrà fún un títí ẹnu fi dùn mí. Mo gbé dáfáyà dé Mẹ́kà bí ẹni gbé ìyàwó.

Mo tàn án. Gbogbo iná àgbàlá wa kú.

Abu Turki, onílé wa, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Yàrá àwọn ayálégbé pọ̀ ní àgbàlá rẹ̀, fíùsì kékeré kan ló sì fi fún gbogbo wa.

"Dáfáyà!" ó wí lédè Lárúbáwá. "Mo ti sọ fún gbogbo yín, mi ò fẹ́ dáfáyà nínú ilé mi. Bí mo bá tún rí i, gbé ẹrù ẹ jáde."

Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo jókòó tì í. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ẹ wo nǹkan tí mo wá títí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì wúlò ju àga lọ.

Ṣìkẹ́ ló ṣí mi lójú, tàbí kí n ní òun ló fọ́ mi lójú.

"Àǹtí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí. Fèrèsé ibẹ̀ ló kọjú sí ògiri wa yìí."

Mọ́sálásí kékeré kan ló wà lẹ́yìn àgbàlá wa. Bàbá Abdulganiyu ló ń tọ́jú rẹ̀, ó ń gbá a, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń bójú tó omi. Ará Ìlọrin ni. Nínú gbogbo àwa Yorùbá àdúgbò yẹn, òun nìkan ló ní ìkáámà, iṣẹ́ mọ́sálásí náà ló sì fún un ní i. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́ nìyẹn, ilé yá. Iṣẹ́ náà ló fi ń tọ́ Kulthum, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé.

Bàbá yìí ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ó ní ojú máa ń ti òun láti wọ ibẹ̀, pé kí n máa bá òun gbá a, Ọlọ́run á san án fún mi. Ó ní, "Àlàájà, èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yìí o. Èmi ni wọ́n máa bi." Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀.

"Iná mọ́sálásí, Ṣìkẹ́?" mo wí.

"Iná ta ni? Ṣé kì í ṣe iná ilé Ọlọ́run ni? Kí ni wọ́n ń pe àwa tá a tìtorí ẹ̀sìn wá síbí? Àlejò Ọlọ́run ni. Àlejò wo ló ń sanwó iná fún ẹni tó gbà á lálejò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní orí ọmọ yìí pé. Ẹ ò rí i? Nílé, tí ẹlòmíì bá sọ irú ẹ̀ fún mi, màá lé e jáde ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a ti pẹ́ ní Mẹ́kà la ti sọ ọ̀rọ̀ àlejò Ọlọ́run yìí di àwíjàre. A fi jẹ oúnjẹ sàárà tí kò kàn wá, a fi sùn níbi tí wọn ò ti fún wa láyè. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi jalè.

Lẹ́yìn ìrun Alaasari, tí gbogbo èèyàn ti lọ, mo wọlé bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀. Mo ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbà á kọjá lẹ́yìn agbada omi, mo yọ ọ́ láti fèrèsé. Ṣìkẹ́ dúró lódì kejì ògiri, ó fà á, ó so ó mọ́ wáyà tiwa.

Ooru dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ooru dé. Ọ̀rinrin kúrò lára àpáta, ọwọ́ wa rọ̀. Gọ́ọ̀mù gbẹ bó ṣe yẹ kó gbẹ. Mo di bẹ́líìtì kan mú lórí, Ṣìkẹ́ di í mú nídìí, a fà á títí a fi rẹ́rìn-ín, kò já.

Mo ní màá máa pa á tí wọ́n bá fẹ́ kírun. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbàgbé. Ìgbà tó tún yá, kì í ṣe pé mo gbàgbé mọ́.

Bàbá Abdulganiyu bá mi lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí kan.

"Àlàájà, iná mọ́sálásí yìí ń dà mí lọ́kàn rú. Ó máa ń ṣàdédé já ni. Omi ò gbóná fún àwọn àgbàlagbà mọ́ nígbà Sùbúì. Bàbá kan pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ yìí, ó ní mò ń sùn lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Iná ìlú ni," mo wí.

"Sheikh Mahmud náà ti bá mi wí." Lèmọ́ọ̀mù mọ́sálásí náà nìyẹn. "Ó ní kí n pe oníná, kí ó yẹ gbogbo ibẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí n tó mú ọkùnrin wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, jọ̀wọ́, bá mi wo ibẹ̀. Wò ó bóyá omi ń kán sí wáyà."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ.

Mo ní, "Mo ti wò ó, Bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó lọ bá Sheikh Mahmud, ó ní ẹni tí òun fọkàn tán ti yẹ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wò. Oníná dé, ó yẹ ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin nìkan, kò rí nǹkan kan, ó lọ.

Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ Àlàájì Sàkáríyà ti fẹ́ parí. Mo ní kí n ṣáà parí rẹ̀, màá yọ wáyà yẹn, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ọlọ́run nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀. Bàbá Abdulganiyu ò sí nínú ètò mi rárá.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé ẹrù lọ sí Jẹ́dà. Mo fi Ṣìkẹ́ ti bẹ́líìtì tó kù, mo ní kó má pa dáfáyà. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mímọ́, mo lọ kírun.

Sheikh Mahmud wà lórí wáàsí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aládùúgbò ló ń sọ. Máìkì kú.

Wọ́n tan iná padà, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tún kú. Ó di ìgbà kẹta, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó fi ohùn lásán parí rẹ̀, àwa tí a wà lẹ́yìn aṣọ títa ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi ò tilẹ̀ fetí sí i. Ẹnu ọ̀nà ibi àlùwàlá ni mò ń wò.

Bí wọ́n ṣe sálámà tán, ọkùnrin kan láàárín wọn tó mọ iṣẹ́ iná dìde. Wọ́n ní kí àwa obìnrin jókòó síbi tí a wà, kí ó lè wọ ibi àlùwàlá wa. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tó gbún agbada omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wáyà rèé!" ó kígbe lédè Lárúbáwá.

Ó fà á. Ibi tí Ṣìkẹ́ ti so méjèèjì pọ̀ tú, orí wáyà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣìkẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí dáfáyà ṣe kú ni òun ti fa tiwa wọlé, tí òun ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, wọ́n mọ̀ pé àgbàlá Abu Turki ni iná ń lọ, wọn ò mọ yàrá ẹni tó ń lọ. Abu Turki sì wà nínú mọ́sálásí, ó ń búra. Ó ní òun ti ka dáfáyà léèwọ̀ fún gbogbo ayálégbé òun, kí ẹnikẹ́ni má ba òun lórúkọ jẹ́. Kò dárúkọ mi, torí ẹni tó bá fi ilé fún ẹni tí ò níwèé, ọ̀rọ̀ á kan òun náà.

Wọ́n pe Bàbá Abdulganiyu síwájú. Ibi tí aṣọ títa ti là díẹ̀ ni mo ti ń wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Sheikh Mahmud bi í.

"Èmi ni ẹ fún."

"Ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n ti yẹ ibẹ̀ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Bàbá ò dáhùn. Kò wo ilẹ̀, kò wo Lèmọ́ọ̀mù. Ó kàn dúró. Gbogbo mọ́sálásí dákẹ́ dúró dè é. Mo ní, ó ń ronú irọ́ tó máa pa ni. Mo tún ní, ó máa dárúkọ mi báyìí, wọ́n á mú mi lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn tí ò níwèé sí, ayé mi ti bàjẹ́. Mo di ẹnu mi mú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọwọ́ ni mo fi dì í.

Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ni kí ẹ mú, Sheikh. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Obìnrin tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀, ó ní ìwà ọmọ aráyé burú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ tó gbà á sí mọ́sálásí náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó múra ilé. Mo gbé bẹ́líìtì lọ fún Àlàájì Sàkáríyà, ó yìn mí, ó ní irú iṣẹ́ yìí ló dára. Kò sí ìkankan tó já nínú wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí pé kí ẹnì kan pè mí pé ó já, kó lè dà bíi pé Ọlọ́run ti nà mí. Ẹnikẹ́ni ò pè.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá Sheikh Mahmud níwájú ilé rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba Lárúbáwá tí mo gbọ́. 

"O pẹ́," ó wí. "Mo lè sọ ọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀, màá sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fagi lé ìwé rẹ̀. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Kò pe ọlọ́pàá sí mi. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, òtútù ò pa mí o. Ohun tó pa mí ni pé mo rí ọ̀nà àbùjá, mo sì rí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan tó dùn ún gbọ́ tí mo fi bò ó. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ti ní àlàyé ẹ̀sìn. Mo ti gbé dáfáyà padà fún Hafsa. Gọ́ọ̀mù mi ì báà máa funfun, kó máa funfun.

Ọjọ́ tí Bàbá Abdulganiyu máa lọ sí Jẹ́dà láti wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ mọ̀ pé mi ò níwèé."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ìdí tí mi ò fi dárúkọ rẹ nìyẹn. Mi ò lè fi ẹnu ara mi lé ọmọ ẹlòmíì kúrò ní Mẹ́kà."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé èmi ni?"

"Àlàájà, ta tún ni? Èèyàn mélòó ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́?"

Mo sunkún. Mo ní ká ní mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ ni, ká ní ó ti wò mí lójú tàbí ó ti ránṣẹ́ sí mi, mi ò bá ti jáde sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí Lèmọ́ọ̀mù bi mí pé ta ló yẹ ibẹ̀ wò, ṣé o rí i pé mo dákẹ́?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. O kì í pa Jímọ̀ jẹ, mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn aṣọ. Ìwọ ni mò ń dúró dè."